Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́: ẹ gbọ́ tẹnu àwa tá à ń wa jíìpù táyà ńlá

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà tẹ́nìkan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo jíìpù tí wọ́n gbé sókè tí wọ́n wá ki táyà ràgàjì sí lẹ́sẹ̀, pé kò séyìí tó yẹ kó wà lójú títì nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Èmi náà ń wa irú ẹ̀, ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí, mo fi ń wọ ẹrẹ̀, mo fi ń gun òkúta, mo sì tún ń fi lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè torí mọ́tò kan ṣoṣo tí mo ní náà nìyẹn, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní bófin mu. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ wa máa ń ra táyà, a ó dì í sí i, a ó ya fọ́tò, a ó gbà pé iṣẹ́ ti parí, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tá a ò ṣe parí yẹn ló yẹ kí òfin mú wa sí.

Ẹ jẹ́ n ti orí eré sísá bẹ̀rẹ̀. Táyà tó wà lẹ́sẹ̀ jíìpù mi nígbà tí mo rà á, ínǹṣì 31 ni láti ilẹ̀ dókè ẹ̀, mo yọ ọ́, mo fi 35 sí i. Táyà tó ga, tó bá yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ibi tó máa gbé ẹ dé jìnnà ju ti kékeré lọ, ṣùgbọ́n mọ́tò ò mọ̀, iye ìgbà tí ẹsẹ̀ yí ló ń kà tó fi ń sọ fún ẹ pé báyìí lo ṣe ń sáré. Ẹ fi 31 pín 35, ẹ máa rí 1.13. Ìyẹn ni pé tí ọwọ́ sípídómítà bá dúró lórí kìlómítà 80 ní wákàtí kan, 90 gan-an lò ń sá, tó bá dúró lórí 100, ó ti di 113. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé fóònù sórí dáṣíbọ́ọ̀dù tí mo ṣí máàpù, tí mo rí ohun tí fóònù ń kà àti ohun tí mọ́tò ń kà, ara mi tutù. Mo rántí gbogbo ọ̀nà tí wọ́n kọ 80 sí tí mo rò pé mò ń pa òfin mọ́, pàápàá ojú ọ̀nà tó gba iwájú ilé ìwé kọjá. Nílẹ̀ Yúróòpù òfin wọn là á pé sípídómítà ò gbọdọ̀ ka iye tó kéré sí eré tí mọ́tò ń sá gan-an, ó lè fi díẹ̀ lé e, àmọ́ kò gbọdọ̀ dín in kù rárá, ohun tí táyà ńlá sì máa ń ṣe nìyẹn, ó máa ń dín in kù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kìlómítà tó ń kà. Tó bá ti ka 10,000, o ti rin nǹkan bí 11,300, ọjọ́ tó yẹ kó o pààrọ̀ ọ́ìlì ti kọjá lọ, lọ́jọ́ tó o bá sì fẹ́ ta mọ́tò náà, irọ́ lo máa kà fún ẹni tó fẹ́ rà á. Àtúnṣe ẹ̀ ò le. Mọ́tò ìsinyìí, ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n máa tì bọ ihò tó wà lábẹ́ sítíárìn, wọ́n á sọ fún kọ̀ǹpútà ẹ̀ pé táyà ti yí padà, ti àtijọ́ tó ń lo wáyà, gíá rọ́bà kékeré kan ni wọ́n máa pààrọ̀. Ìyẹn náà ló máa ran bíréékì ABS (èyí tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ́tò há tó o bá tẹ bíréékì lójijì) àti ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí mọ́tò yọ̀ lọ́wọ́, torí látinú bí ẹsẹ̀ ṣe ń yí làwọn náà ti ń mọ ohun tó ń lọ.

Bíréékì ló ń ká mi lára jù. Agbára tí bíréékì fi ń dá mọ́tò dúró máa ń dín kù bí táyà bá ṣe ń ga sí i, torí ibi tí táyà ti ń kan ilẹ̀ ti jìnnà sí díìsìkì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí bíréékì máa ń fún mọ́ra, táyà tuntun náà tún wúwo, ohun tó wúwo tó ń yí kì í fẹ́ dúró bọ̀rọ̀. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ kékeré kan tó wà níwájú mi tẹ bíréékì, èmi náà tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, mọ́tò ń lọ ṣáá. Nígbà tó máa dúró, bóyá apá kan ló kù láàárín wa, mo wá ń wo gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, bọ́ńpà mi ò ṣe déédéé bọ́ńpà ẹ̀ rárá, gíláàsì yẹn ló dojú kọ, ọmọ kan sì jókòó síbẹ̀ tó yíjú wò mí. Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láàárín ínǹṣì 16 sí 20 látilẹ̀ ni wọ́n ti ń dán bọ́ńpà ọkọ̀ kékeré wò, kí bọ́ńpà lè kan bọ́ńpà, ẹni tó bá wá gbé tiẹ̀ kọjá ibẹ̀, ibi tí wọn ò ṣe irin sí láti dáàbò bo èèyàn ló máa gbá. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo pààrọ̀ díìsìkì àti páàdì sí èyí tó tóbi, mo sì gbé bọ́ńpà wá sísàlẹ̀.

Níbi tá a ti ń ṣe ìyẹn ni mo ti rí nǹkan míì. Mẹ́káníìkì tó bá mi gbé jíìpù sókè ní ínǹṣì mẹ́ta ò pààrọ̀ hóòsì bíréékì, ìyẹn rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì bíréékì lọ sẹ́sẹ̀ mọ́tò, ó fi èyí tó bá mọ́tò wá sílẹ̀. Mo yọ́ wọ abẹ́ mọ́tò tèmi ti tọ́ọ̀ṣì, mo rí hóòsì apá òsì tó nà gangan bí okùn ewúrẹ́ tó fẹ́ já, mo fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan ti ń dán bíi pé wọ́n fi sáńpépà ha á, eyín táyà ló ń ha á nígbàkúùgbà tí mo bá yí sítíárìn dópin. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ẹ ò lè rí i láé. Ẹ gun ẹsẹ̀ kan sórí nǹkan tó ga, kí ìkejì wà nísàlẹ̀, kẹ́nìkan yí sítíárìn dópin lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹlòmíì tan iná sábẹ́ ẹ̀, ìgbà yẹn lẹ máa mọ ibi tí táyà ń kàn. Tí mo bá lágbára ni, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń yẹ mọ́tò wò ni mo máa ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí pépà ẹnikẹ́ni.

Iná iwájú náà ńkọ́? Tó o bá gbé mọ́tò sókè, iná ti bá a lọ sókè nìyẹn, ojú ẹni tó ń bọ̀ ló máa wọ̀, ẹni tó wà níwájú ẹ ò ní lè wo díńgí. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní iná iwájú gbọ́dọ̀ wà láàárín ínǹṣì 22 sí 54 látilẹ̀, àmọ́ kódà tó o bá wà láàárín ẹ̀, o ṣì gbọ́dọ̀ tún ojú iná náà dà kọlẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé e sókè, ẹ gbé mọ́tò dojú kọ ògiri, ẹ fi téèpù sàmì ibi tí iná mọ, tẹ́ ẹ bá gbé e tán ẹ padà síbẹ̀, ẹ máa rí ìyàtọ̀. Iná gbọọrọ orí òrùlé yẹn, inú igbó niṣẹ́ ẹ̀ wà, ẹ fi ìdérí bò ó tẹ́ ẹ bá ti débi títì.

Táyà tó yọ síta kọjá ara mọ́tò náà ò dáa, òkúta wẹ́wẹ́ ló máa ń ta sí gíláàsì ẹni ẹ̀yìn, ẹ so rọ́bà mọ́ etí ara mọ́tò tó bo táyà, kẹ́ ẹ sì so rọ́bà ẹrẹ̀ sẹ́yìn, kò gbà ju wákàtí kan lọ. Kẹ́ ẹ sì máa ka ara táyà kẹ́ ẹ tó rà á, pàápàá tòkúǹbọ̀: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú kóòdù tí wọ́n kọ DOT ṣáájú ẹ̀ lára táyà ló ń sọ ọjọ́ orí ẹ̀, 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, tí wọ́n bá sì kọ 121Q, kílò 1,450 ni ẹyọ kan lè gbé, kò sì gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 160 ní wákàtí kan lọ.

Ọ̀rọ̀ pépà wá kù. Òfin ò dọ́gba káàkiri o. Ní Jámánì, ẹni tó bá yí táyà àti ìga mọ́tò padà gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún onímọ̀ kó yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé mọ́tò, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àṣẹ láti wà á ti kú. Ní Ọsirélíà, ìwé ìlànà wọn gbà kí táyà jíìpù inú igbó fi mílímítà 50 ga ju ti ilé iṣẹ́ lọ, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ó di ọ̀rọ̀ ẹnjiníà. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Ẹ wá rí i pé àwọn wọ̀nyí ò lé táyà ńlá kúrò lójú títì, wọ́n wọ̀n ọ́n ni. Ẹ gbé ìwọ̀n lọ bá àwọn tó ń yẹ mọ́tò wò níbi tẹ́ ẹ bá wà kẹ́ ẹ tó náwó, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn oní-ìnṣọ́ránsì, torí tí wọn ò bá mọ̀, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó, ẹni tẹ́ ẹ gbá ló sì máa jìyà ẹ̀.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé kí wọ́n kọ ìwọ̀n síta kedere: báyìí ni bọ́ńpà ṣe lè ga tó, báyìí ni iná, báyìí ni táyà, kí wọ́n sì máa dán bíréékì àti sípídómítà wò. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá yege, kí wọ́n dá a padà sílé lọ tún un ṣe.

Ẹni tó kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò bá a jà. Tó bá fẹ́ wo tèmi, ó láàyè: iná iwájú mi wà ní ínǹṣì 41 látilẹ̀, fóònù àti sípídómítà ń ka nǹkan kan náà, hóòsì tuntun wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kó mú téèpù ìwọ̀n dání, mo máa wọ abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Onijíìpù kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín