Lẹ́tà Ìparí Sáà sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìparí sáà, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Èsì ìdánwò ti wà lọ́wọ́ wọn. Eré ìdárayá lọ dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí owó ilé-ìwé wọlé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí dìde ni ti ìtàn àtẹnudẹ́nu tí àwọn ọmọ wa ń gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, tí a ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òbí kan bínú wá pé òun gbọ́ ohùn bàbá òun níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi òun. Bàbá tó sọ̀rọ̀ ni a bi. A ka ìwé ìyọ̀ǹda sí wọn létí, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Níwọ̀n ìgbà tí àgbà bá wà láàyè, tí iyè wọn sì pé, mi ò ní gba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ wọn lórí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.

Àgbà ló ń yàn bóyá kí gbogbo ayé gbọ́ ọ, kí ó mọ ní ilé-ìwé, tàbí kí a tì í pa di ọdún tí wọ́n bá dá. Bí wọ́n bá yí ọkàn padà, a ó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n a máa ń kìlọ̀ fún wọn ṣáájú pé èyí tí ẹlòmíràn bá ti dà kọ, apá wa kò ká a mọ́. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan ẹni tó ṣì wà láyé, a ń gé ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ẹ̀dà orí íntánẹ́ẹ̀tì. A kì í fọwọ́ kan ojúlówó.

Àwọn kan ní kí n dá iṣẹ́ náà dúró. N kò ní dá a dúró. Irú iṣẹ́ tí Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1948 ni àwọn ọmọ wa ń ṣe, wọ́n sì ń ṣe é bí àgbà ọ̀jẹ̀: ojúlówó ní WAV, ìyẹn fáìlì ohùn ńlá tí a kò fún pọ̀, MP3, fáìlì tó kéré, fún àwọn olùgbọ́ kí ó má baà jẹ dátà, ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan níta ọgbà ilé-ìwé. Wọn kì í kúrò lọ́dọ̀ àgbà láìkọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀. Orí mi wú.

Láti sáà tó ń bọ̀, ọmọ tó bá fi ohùn àgbà ránṣẹ́ lórí WhatsApp yóò kúrò nínú iṣẹ́ náà, ẹ̀bẹ̀ kò sì ní ràn án. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé ìyọ̀ǹda, kí ó béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ìwé