Ẹ̀sùn Lórí Àkójọ Sítáńpù Èkó Tí Ẹ Lù Ní Gbàǹjo

Akúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-Iṣẹ́ Onígbàǹjo,
Ẹ̀ka Sítáńpù àti Owó Àtijọ́.

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àkójọ sítáńpù Èkó àti Nàìjíríà tí a rà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ lù ú ní gbàǹjo la bá dé. A ti san gbogbo owó rẹ̀, títí kan owó orí, ìyẹn àfikún tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ òǹrajà lórí iye tó ra ọjà, rìsíìtì yín sì wà lọ́wọ́ wa. Ohun tí a bá nínú páálí kọ́ ni ohun tí kátálọ́ọ̀gù yín pè é. Nígbà tí a fi tó òṣìṣẹ́ yín létí, èsì tó fún wa ni pé ọjà tí ẹ bá tà ní àpapọ̀ kò ní àdápadà. A kò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó níye lórí jù. Kátálọ́ọ̀gù yín ní odindi ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ti Èkó ni, ti oṣù kẹfà ọdún 1874: pẹ́nì kan, pẹ́nì méjì, tọ́rọ́, pẹ́nì mẹ́rin, sísì àti ṣílè. Orí Ọbabìnrin Victoria ló wà lára gbogbo wọn. Ẹni tó bá mọ ọ̀wọ́ yìí mọ̀ pé ojú lásán kò tó láti fi dá a mọ̀, nítorí pé ní 1876 wọ́n tún tẹ ẹ́ jáde: orí kan náà, àwọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, àmì Adé àti CC (Crown Colonies) kan náà nínú bébà, èyí tí a máa ń rí bí a bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Eyín etí wọn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti 1874 jẹ́ 12½, ti 1876 jẹ́ 14, ìyẹn iye ihò tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà méjì. Ẹ tẹ́ sítáńpù sórí ìwọ̀n eyín, ìyẹn rúlà tí a fi ń wọn ihò etí sítáńpù, kí ẹ máa sún un títí àmì ìwọ̀n yóò fi bọ́ sí àárín ihò kọ̀ọ̀kan, láti igun kan dé ìkejì. Mẹ́rin nínú mẹ́fà tí ẹ fi ránṣẹ́ ló jókòó pẹ́ẹ́ sórí 14. Tọ́rọ́ àti ṣílè nìkan ni ti 1874. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ń gbà, ìwọ̀n eyín kò sì wọ́n. Ó dùn wá pé ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó orí ọjà kò ṣe é.

Ṣílè náà gan-an kò pé. Ihò etí ọ̀tún rẹ̀ mọ́ jù, orí eyín rẹ̀ sì tẹ́ gbẹrẹsẹ bí ohun tí wọ́n fi abẹ gé. Eyín tí wọ́n fà ya lára ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ní òwú bébà tín-ín-rín lórí, bí ẹ bá fi awò wò ó. Etí mẹ́ta yòókù ní in, etí ọ̀tún kò ní. Wọ́n ti gé e, wọ́n sì tún lu ihò mìíràn sí i.

Sítáńpù olówó ṣílè mẹ́wàá kan, aláwọ̀ ilẹ̀ tó fà sí àlùkò, ti 1884 sí 1886, burú ju ìyẹn lọ. Ẹ kọ ọ́ pé lẹ́tà ló rù, òǹtẹ̀ Èkó sì wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e sábẹ́ irú iná tí báńkì fi ń wo ayédèrú owó, ipa kálàmù yọ ní ìdábùú, bí ẹni fọwọ́ síwèé. Ara ìwé àdéhùn ni wọ́n sábà máa ń lẹ sítáńpù olówó ńlá mọ́ láyé ìgbà yẹn, láti fi san owó ìjọba, wọn a sì fi kálàmù pa á rẹ́. Onímàgòmágó a wá fi kẹ́míkà fọ yíǹkì náà, a sì tẹ ayédèrú òǹtẹ̀ lé e kí àbàwọ́n má bàa hàn. Iye orí èyí tó san owó ìjọba kò sún mọ́ ti èyí tó rù lẹ́tà rárá.

Ọwọ́ yín ni sítáńpù ṣílè mẹ́wàá kejì ti bà jẹ́, aláwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ tó jáde lẹ́yìn 1886. Nínú fọ́tò kátálọ́ọ̀gù, àwọ̀ ewé rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, àjákù bébà álúbọ́ọ̀mù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó dé ọwọ́ wa kò ní àjákù mọ́, àwọ̀ ewé náà sì ti ṣá. Wọ́n rẹ ẹ́ sómi. De La Rue tó ń tẹ sítáńpù wọ̀nyí ní London mọ̀ọ́mọ̀ lo yíǹkì tí omi ń ṣí, kí ẹnikẹ́ni má bàa fọ òǹtẹ̀ kúrò kó tún sítáńpù lò. Bí àjákù bá wà lẹ́yìn irú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Dídì tí ẹ di ẹrù náà ló kù. Ọ̀wọ́ 1953 ti Ọbabìnrin Elizabeth, tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí, ẹ kó wọn lé ara wọn nínú náílọ́ọ̀nù, ẹ sì lẹ ẹnu rẹ̀ pa nígbà òjò. Ọ̀rinrin há mọ́ inú, gọ́ọ̀mù yọ́. Pẹ́nì mẹ́rin tó ní àwòrán kòkó, tí àwa ará ibí kà sí tiwa, ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣílè tó ní àwòrán gẹdú. Bí a bá fà wọ́n, ọ̀kan á ya. Bébà dídán tó mọ́lẹ̀ kedere ló yẹ kó wà láàárín wọn, kí ẹ sì fi páálí pẹlẹbẹ méjì há wọn láìlẹ ẹnu rẹ̀ pa.

Ní ti òfin yín pé ọjà àpapọ̀ kò ní àdápadà, a mọ̀ ọ́n, ó sì tọ́ ní àyè tirẹ̀. Bí ẹ bá ta páálí sítáńpù ẹgbẹ̀rún tí ẹ kò kà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó rà á ló mọ èyí tó bá nínú rẹ̀. Àwọn tí a ń sọ yìí, ẹ dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ sì kọ iye tí ẹ dá lé wọn sábẹ́ fọ́tò. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi owó lé lórí, ẹ̀yin lẹ ni ín.

A bẹ̀ yín kí gbàǹjo tó wáyé pé kí ẹ fún wa láyè láti gba ìwé ẹ̀rí àwọn onímọ̀, ẹ ní kò pọn dandan. Sítáńpù sẹ́ǹtì kan ti British Guiana (Guyana òní), ti 1856, pàápàá, London ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ kí Royal Philatelic Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sítáńpù, yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó tà á ní New York ní 2014 ní nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ààbọ̀ dọ́là.

Ohun tí a fẹ́ nìyí. Kí ẹ gba ọ̀wọ́ 1874 àti ṣílè mẹ́wàá méjèèjì padà, kí ẹ dá owó wọn àti owó orí wọn padà fún wa. Kí ẹ san owó gbà-máà-bínú lórí ọ̀wọ́ 1953, nítorí kò sí ẹni tó lè tún un ṣe. Èyí tó kù nínú àkójọ náà dára, a ó mú un. A kò fọwọ́ kan àwọn tó lẹ̀ pọ̀, inú náílọ́ọ̀nù yín ni wọ́n ṣì wà, ẹ lè rán ẹni tó mọ iṣẹ́ náà wá wò wọ́n níbí. Bí a kò bá gbọ́ èsì yín láàárín ọjọ́ 14 tí ẹ rí lẹ́tà yìí gbà, a ó kó kátálọ́ọ̀gù, fọ́tò àti rìsíìtì lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo òǹrajà.

Àwa ni tiyín,
Àwọn òǹrajà yín ní Akúrẹ́.