Ọmọ mi àgbà, má sá fún àbúrò ẹ lórí mátì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mi ò pè ẹ́ lórí fóònù torí "mo ti gbọ́ mọ́mì" ni wàá máa sọ títí màá fi dákẹ́. Jọ̀ọ́ ka èyí tán.

Kóòṣì júdò yín bá mi sọ̀rọ̀ lánàá. Ó ní látọjọ́ tí àbúrò ẹ ti gba góòlù, tí wọ́n sì gbé ìwọ ṣubú ní ráúndì àkọ́kọ́, tí wọ́n bá ti ní kí kálukú mú ẹnìkejì ẹ̀, kíá lo ti lọ bá ẹlòmíì. Kò yà mí lẹ́nu. Mo rí ẹ nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, o kọjú sí wíńdò, ọmọ yẹn wá ń rọra ti mẹ́dà ẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ báàgì bí ẹni tó jí i.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀ o. Èmi ni mo la ẹnu gbọ̀ọ̀rọ̀ sọ pé "wo àbúrò ẹ" lójú gbogbo èèyàn. Má bínú, kò ní wáyé mọ́.

Ṣé o rántí Hifumi Abe àti Uta àbúrò ẹ̀, àwọn ará Japan tó o máa ń wo fídíò wọn? 25 July 2021 ní Olympics Tokyo, Uta kọ́kọ́ gba góòlù àwọn oníkílò 52, kò pẹ́ ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gba ti 66. Èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ nìyẹn. Èmi, Paris 2024 ni mo máa ń rò ṣá, torí ní ráúndì kejì ni Diyora Keldiyorova ará Uzbekistan gbé Uta ṣánlẹ̀, ippon, ìyẹn èyí tó ń parí ìjà lójú ẹsẹ̀, ọmọbìnrin yẹn sì sunkún tí gbogbo arénà fi gbọ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà ń jà, ó sì jà á dé góòlù. Ilé kan náà ni góòlù àti omijé jọ wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn Nakamura ńkọ́? Ní Atlanta 1996, Kenzo tó jẹ́ àbúrò gba góòlù, Yukimasa ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gba fàdákà. Ẹ̀gbọ́n ló gba fàdákà o, ṣó o gbọ́?

Ẹnì kan ò lè dá júdò kọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n gbé òun ṣubú. Ta ló ń gbà fún ẹ nínú pálọ̀ wa? Wàá gbé e, á fọwọ́ gbá mátì, pàá! á tún dìde, "bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀ẹ̀kan sí i." Seoi-nage tó fi yege ní àṣekágbá, tìẹ ni (orúkọ ọ̀nà ìgbéṣubú kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyẹn, ẹ̀yin lẹ fi ariwo kọ́ mi), mo mọ bó o ṣe máa ń fi ẹ̀yìn wọlé sábẹ́ èèyàn, bó ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Torí náà bá a mú ara yín. Má sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú fún un o, ìyẹn ò kí ń ṣe ìfẹ́, ìwọ̀sí ni. Ó ti ń sanra, kílò 60 ò ní gbà á mọ́ láìpẹ́, á bá ẹ ní 66. Tẹ́ ẹ bá pàdé, ẹ jà dáadáa, èmi máa jókòó síta ní tèmi torí àyà mi ò gbà á. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ò ń febi pa ara ẹ kó o lè sá lọ sí 60.

Aṣọ júdò ẹ àtijọ́ ló wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí mò ń fọ̀ ọ́ ni mo rí i pé orúkọ ẹ tí mo fi òwú pupa rán sínú kọ́là ṣì wà níbẹ̀, mo bi í bóyá kí n tú u, ó ní rárá.

Mo ti sá ti ẹ̀yin méjèèjì, wọ́n á ti gbẹ kí ẹ tó lọ ní Tuesday.

Mọ́mì ẹ