Ẹ Jẹ́ Kí Omi Wà Lára Ìtọ́jú Ẹni Tó Fara Pa

Olóòtú Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwa tí ọ̀kadà tàbí mọ́tò ti dá lẹ́sẹ̀ ní ìgboro Ìbàdàn, tí egungun wa ti jinná ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kò tíì gbọ́ràn sí wa lẹ́nu, ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀nà Mọ́kọ́lá ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti dá ní èṣí. Nígbà tí wọ́n tú POP tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà, wọ́n ní kí n máa gbé ẹsẹ̀ náà sókè lẹ́ẹ̀mẹwàá láràárọ̀. Kí n tó gbé e dé ẹ̀ẹ̀kẹta, òógùn á ti bò mí. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo wọ omi ìlúwẹ̀ẹ́ tó mù mí dé àyà, ẹsẹ̀ kan náà gbéra bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. Omi ló ń bá ènìyàn gbé ara rẹ̀: bí ó bá muni dé ìbàdí, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ara ló kù fún ẹsẹ̀ láti gbé, bí ó bá muni dé ọrùn, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbé e kọjá ìlúwẹ̀ẹ́. Láti 1981 ni ẹgbẹ́ Handicapped Scuba Association ti ń kọ́ àwọn aláàbọ̀ ara bí a ti ń mòòkùn, ní 2007 sì ni ẹgbẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ SUDS bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ní ilé ìwòsàn ológun Walter Reed, títí kan àwọn tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò lè dìde lórí kẹ̀kẹ́ arọ yóò gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n, wọn yóò fi òjé àti ẹ̀wù tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn ìwúwo rẹ̀ títí kò fi ní rì, tí kò sì ní léfòó, yóò kàn dúró sójú kan láàárín omi láìsí ẹni tó dì í mú.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ẹsẹ̀ dídá lọ sínú adágún omi Ẹlẹ́yẹlé tàbí Àsẹ́jìrẹ́ o! Dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ etí àti ẹ̀dọ̀fóró wò, nítorí ẹni tó bá sé èémí bí ó ti ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ omi lè fa ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ya. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò jìn tó bẹ́ẹ̀: kí a máa fi omi ìlúwẹ̀ẹ́ ṣe ìtọ́jú wa. Láti 1966 ni wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú tó ń mú kí ẹ̀yà ara tó fara pa tún lè ṣiṣẹ́, ní Yunifásítì Ìbàdàn, nítorí náà kì í ṣe ìmọ̀ ló wọ́n wa.

Lẹ́nu ọ̀nà ibi ìlúwẹ̀ẹ́ kan tí mo lọ, ẹ̀ṣọ́ wo ọ̀pá tí mo fi ń rìn, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ibí kì í ṣe ọsibítù.” Nígbà tí wọ́n jàjà gbà mí wọlé, àkàbà irin tó nà ró ṣánṣán ni mo bá, èmi tí orúnkún mi kò ṣeé ká. Ọmọ mi ló gbé mi sọ̀kalẹ̀ sínú omi. Kí àwọn ilé ìwòsàn bá àwọn tó ni ibi ìlúwẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀: wákàtí méjì ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, àtẹ̀gùn tó rọra sọ̀kalẹ̀, àti irin tí a lè dì mú.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ àfẹ̀yìntì kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.