Ìdérí ọ́ìlì oníke: ẹ ra tuntun kẹ́ ẹ tó wọ abẹ́ ọkọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹnìkan kọ̀wé sí yín láti Ọ̀yọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ̀ nílé kò nílò ju ọ́ìlì, fílítà àti sípánà kan lọ. Camry ló ní òun ń wà. Kódà lórí Camry, wọ́ṣà pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn nọ́ọ̀tì ọ́ìlì, èyí tí wọ́n ń tú lábẹ́ ọkọ̀ kí ọ́ìlì àtijọ́ lè dà jáde, tuntun ló yẹ kéèyàn máa fi sí i, kò sì mẹ́nu bà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú mi kọ̀wé. Àwọn ọkọ̀ kan ti wọ ìlú báyìí tí kò ní nọ́ọ̀tì onírin lábẹ́ rárá, ìdérí oníke ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì fi ọwọ́ Camry mú wọn, ẹ́ńjìnì rẹ̀ lè nọ́ọ̀kì. Díẹ̀ ló kù kí tèmi nọ́ọ̀kì.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ mi tó ti dolóògbé, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Láti ìgbà tó ti lọ, èmi ni mò ń ṣe é fúnra mi nínú ọgbà ilé wa ní Arówómọlẹ̀. Mo máa ń wa iwájú ọkọ̀ gun pákó ńlá méjì, màá sì fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. N kì í fi jáàkì nìkan gbé ọkọ̀ kí n wá wọ abẹ́ rẹ̀, torí mo ti tọ́jú ẹni tí jáàkì yọ̀ mọ́ ní wọ́ọ̀dù, n kò lè gbàgbé àyà rẹ̀. (Ọ́ìlì tí mo bá dà, inú kéègì ni mo ń rọ ọ́ sí fún àwọn káfíńtà tó ń fi kun pákó nítorí ikán. N kì í dà á sí gọ́tà.)

Ọkọ̀ tí mò ń wà báyìí, tòkunbọ̀ Jámánì ni, ti ọdún 2015. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, mo wá nọ́ọ̀tì tì. Ike ni abọ́ tó gba ọ́ìlì dúró, ike dúdú ló sì dí ihò ìdí rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i láàárín. Kì í ṣe ohun tí ẹ ó máa yí lọ yí lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó yí i, kò ní tó ìlàjì ìyípo, ó ti tú. Irú rẹ̀ wà lábẹ́ àwọn Golf kan tí Volkswagen ṣe, tí ẹ́ńjìnì epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń pè ní TSI wà nínú wọn, Ford náà sì ń fi í sábẹ́ píkọ́ọ̀pù F-150, lára ẹ́ńjìnì oní-lítà 2.7 láti ọdún 2015 àti ti lítà 5.0 láti ọdún 2018. Kì í ṣe ohun burúkú. Ike fúyẹ́, kì í dípẹtà, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi sípánà fún un títí tí yóò fi yọ̀.

Àmọ́ etí kéékèèké tó há sínú abọ́ ni gbogbo ohun tó dì í mú, òrùka rọ́bà kan ló sì ń dá ọ́ìlì dúró. Òrùka yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn èèyàn fojú sí. Bí a bá rìnrìn àjò, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì ń gbóná tó 100°C. Rọ́bà tó ń gbóná, tó ń tutù, tí wọ́n sì fún mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kì í wú padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí Volkswagen fi ní ìgbàkigbà tí wọ́n bá ti tú u, tuntun ni kí wọ́n fi sí i, tòun ti òrùka rẹ̀.

Mo mọ èyí, n kò sì tẹ̀lé e. Mẹkáníìkì àdúgbò wa, ọmọ dáadáa ni, sọ fún mi pé, "Màmá, ẹ dá a padà jàre. Nǹkan tí kò fọ́, kí lẹ fẹ́ ra tuntun sí?" Mo dá a padà. Kò jò. Ìyẹn ló tàn mí jẹ. Nígbà tó tún di ìgbà kejì, mo tún dá a padà, mo sì fi púláyà fún un díẹ̀ kó lè le. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ń lọ síbi ìkómọjáde ọmọ ọmọ mi ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo sún mọ́ Odò-Ọbà, mo gbọ́ òórùn bí ìgbà tí òróró bá dà sórí ààrò. Mo dúró, mo fa géèjì ọ́ìlì yọ, ṣóńṣó ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ọ́ìlì kàn. Iná ọ́ìlì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kò tíì tàn rárá o! Ọlọ́run ló ní kí lítà kan àti ààbọ̀ ṣẹ́ kù sí búùtù. Mo rọ ọ́ sí i, mo sì rọra yí padà sílé. Wọ́n sọmọ lórúkọ láìsí mi níbẹ̀.

Mo tú ìdérí náà, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo gbé e sójú oòrùn. Ọ̀kan nínú àwọn etí rẹ̀ ti funfun níbi tí púláyà ti tẹ̀ ẹ́, ó sì ti sán wẹ́rẹ́ bí èékánná. Òrùka rọ́bà tó yẹ kó rí roboto ti tẹ́ pẹrẹsẹ lápá kan. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kò ta padà. Ní wọ́ọ̀dù, a kì í gbé abẹ́rẹ́ tí a ti lò wò bóyá ó ṣì mú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń dá a padà léraléra tí kò sì jò. N kò ní bá wọn jiyàn. Bí tuntun kò bá sí ní tòótọ́, ẹ wo òrùka náà bóyá ó ti tẹ́ tàbí ó ti le, ẹ wo àwọn etí rẹ̀, ẹ nu ẹnu ihò náà mọ́, ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa òrùka lára, kí ẹ sì yí i títí yóò fi há, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí i. Èyí tó bá já bọ́ sínú lè dí asẹ́ tí ẹ́ńjìnì fi ń fa ọ́ìlì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta páàtì ọkọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ bá wa máa kó o wá. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀, kò sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi ra mẹ́rin ní Ládípọ̀ l'Ékòó, owó ọ̀kan kò sì tó owó lítà ọ́ìlì kan.

Mẹ́ta ṣì wà nínú agolo mílíìkì nílé mi. Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí ládùúgbò wa, tó ti da ọ́ìlì tán kó tó rántí pé òun kò ra tuntun, kó wá mú ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Arówómọlẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́