Ọ̀rọ̀ Tólú

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù Leeds o. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, mo ní kí n yáa kọ èyí kí wọ́n tó mú un lọ. Ara màámi ti le, ìyàwó Kúnlé bí obìnrin, ẹjọ́ ilẹ̀ yẹn ṣì wà níbi tó wà.

Tólú ọmọ mi ló gbà mí lọ́kàn. O mọ̀ ọ́n, ọmọ tó ń ka "was" sí "saw", tí wọ́n ń pè ní olódo ní kíláàsì, àmọ́ tó bá di ká tú jẹnẹrétọ̀, bàbá ẹ̀ ló ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Ìyá ọkọ mi ní ayé ló ń bá a jà, ká gbé e lọ sórí òkè. Mo ní ká kọ́kọ́ gbìyànjú fóònù ná, òkè ò kúkú ní sá lọ.

Ó ń fi Google Lens ya ojú ìwé Basic Science, fóònù á máa kà á sókè, òun á máa fi ojú bá a lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé "photosynthesis", bí ewé ṣe ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, ó dá a dúró, ó bọ́ sórí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè yẹn, ó ní kó fi jẹnẹrétọ̀ ṣàlàyé ẹ̀ fún òun. Ìyẹn ní oòrùn ni epo, ewé ni ẹ́ńjìnnì, ọ́síjìn ni èéfín. Tólú pariwo: "Màámi, èéfín igi là ń mí!" Bísí, mo sá wọ kíṣìnnì kó má baà rí omi ojú mi.

Kì í ṣe pé fóònù yìí pé o. Ó ń pa ohùn Yorùbá jẹ, ó sì máa ń parọ́ láìṣẹ́jú, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Tólú máa padà wo inú ìwé. Goblin.tools, ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń bá a gé iṣẹ́ àṣetiléwá sí wẹ́wẹ́. Èmi náà ti ń lò ó fún ìfọṣọ.

Ọkọ mi wá ní bí fóònù bá ń kàwé fún un, ìgbà wo ló máa mọ̀ ọ́n kà? Mi ò rí èsì fún un. WAEC ò kúkú gba fóònù wọ gbọ̀ngàn.

Jọ̀ọ́, ìwé àyẹ̀wò dyslexia, ìṣòro ìwé kíkà yẹn, tí wọ́n fi fún Dámi yín ní àfikún àkókò 25% nínú ìdánwò ẹ̀, fi ẹ̀dà ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kí n lè mọ ohun tí n óò bi dókítà. Kí o sì bá mi pe ọkọ mi lọ́jọ́ Sunday. Ó máa ń gbọ́ tìẹ. Ṣùgbọ́n má pè é kó tó jẹun o.

Èmi ni,
Ṣadé