Ta ló ń padà lọ bèèrè owó àwọn agbábọ́ọ̀lù?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi gidigidi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Nínú abala eré ìdárayá yín ti Sátidé tó kọjá, odidi ojú ewé méjì ni ẹ fi sọ̀rọ̀ ẹni tí Arsenal fẹ́ rà àti ẹni tí Chelsea fẹ́ tà. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó tẹ́tẹ́, ni mo ti rí ìlà mẹ́rin péré nípa àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílẹ̀ Yorùbá níbí, tí wọ́n kọ̀ láti jáde fún ìgbáradì torí owó oṣù wọn. Ìlà mẹ́rin! Ẹ ò bá ọ̀kankan nínú wọn sọ̀rọ̀. Ẹnu agbẹnusọ ẹgbẹ́ nìkan lẹ ti gbọ́, òun sì ní àwọn ti ń yanjú rẹ̀. Ó parí síbẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Okùn tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n ẹja ló fi rán àtẹ́lẹ̀ bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù nílùú òkèèrè, àwọn òbí ló ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́. Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ló tún ń tọrọ owó gaàrí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Oṣù mélòó ni wọ́n jẹ wọ́n? Ká ní ẹ bèèrè ni, ẹ ò bá ti kọ ọ́ síwèé.

Ẹ̀sùn mi sí ẹ̀yin akọ̀ròyìn eré ìdárayá kò ju kan lọ: lọ́jọ́ tí ariwo bá sọ, ẹ ó sáré wá; tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ kì í padà lọ bèèrè.

Ẹ wo Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà. Lọ́dún 2004, wọ́n fi 5-0 na Cameroon nínú àṣekágbá ife Áfíríkà ní South Africa, wọ́n sì jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní àwọn ò kúrò àfi báwọn bá rówó àwọn. Lọ́dún 2016, wọ́n tún gba ife náà ní Yaoundé; wọ́n gbé pátákó dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Abuja kí wọ́n tó rówó gbà. Lọ́dún 2019, ó di ife àgbáyé nílẹ̀ Faransé. Jámánì fàgbà hàn wọ́n ní Grenoble, inú hòtẹ́ẹ̀lì náà ni wọ́n tún jókòó sí. Láti 2004 dé 2019, ọdún 15 gbáko, ẹjọ́ kan náà. Ká ní àwọn akọ̀ròyìn ń bèèrè owó yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ látìgbà àkọ́kọ́, ṣé àwọn aláṣẹ yìí á láyà láti tún un ṣe? Wọ́n mọ̀ pé ariwo ọjọ́ mẹ́ta ni. Wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú ife, wọ́n á ṣèlérí, wọ́n á wọ ọkọ̀ wọn lọ.

Owó nìkan kọ́. Ní March 2020, Chineme Martins ti Nasarawa United ṣubú lórí pápá ní Lafia, kò sì dìde mọ́. Ìròyìn tó jáde ní áḿbúláǹsì tó wà níbẹ̀ kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Áḿbúláǹsì tó wà ní pápá ìlú tiwa lónìí ńkọ́, akọ̀ròyìn wo ló ti lọ wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́? Ní ìparí May 2025, ìpínlẹ̀ Ògùn nílẹ̀ Yorùbá níbí ni àwọn eléré ìdárayá Kano ti ṣe ìdíje eré ìdárayá àpapọ̀ orílẹ̀-èdè tán, tí ọkọ̀ wọn fi ní jàǹbá nígbà tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Èèyàn tó lé ní 20 ló bá a lọ. Gbogbo ilé iṣẹ́ ìròyìn ló dárò wọn. Ta ló padà lọ bèèrè bí wọ́n ṣe ń kó àwọn eléré ìdárayá kiri lójú pópó orílẹ̀-èdè yìí? Ọmọ wa ṣì ń fi òru rìn.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ náà léwu. Akọ̀ròyìn Ahmed Hussein-Suale wà lára àwọn tó tú àṣírí àwọn rẹfirí àti aláṣẹ bọ́ọ̀lù tó ń gba rìbá ní Ghana lọ́dún 2018, títí tí ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù wọn fi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Olóṣèlú kan gbé fọ́tò rẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n kí ayé lè dá a mọ̀. Ní January 2019, wọ́n yìnbọn pa á l'Accra. Torí irú wọn ni mi ò ṣe lè gbà pé iṣẹ́ akọ̀ròyìn eré ìdárayá kò ju kó sọ ẹni tó gbá góòlù wọlé. Ẹni tó gbá góòlù yẹn, èèyàn ni, ó ní ẹ̀tọ́. Ibi tó sùn, ohun tó jẹ, àdéhùn tí wọ́n ní kó buwọ́ lù láì jẹ́ kó kà á, ìròyìn bọ́ọ̀lù ni gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ lójú ewé eré ìdárayá ní gbogbo Sátidé, kí ẹ pè é ní Àkọsílẹ̀ Gbèsè. Orúkọ ẹgbẹ́, iye oṣù tí wọ́n jẹ, ìlérí tí aláṣẹ ṣe, ọjọ́ tó ṣe é. Ẹ má kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù kankan o, wọn yóò lé e. Bí mẹ́ta nínú wọn bá sọ ohun kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ pe alága ẹgbẹ́. Bó bá fèsì, ẹ kọ ọ́. Bí kò bá gbé fóònù, ẹ kọ ọ́ pé kò gbé e. Sátidé tó ń bọ̀, kí ó tún wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá san, ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé ó ti san, kójú lè ti àwọn yòókù. Kí àwọn elétò eré ìdárayá lórí rédíò náà máa kà á, torí ọ̀pọ̀ òbí àwọn ọmọ yìí kì í ra ìwé ìròyìn. Ẹgbẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń bọ́ nínú wọn, owó gbogbo wa ni wọ́n ń ná, a lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀.

Kí ẹ̀yin náà sanwó tó dáa fún akọ̀ròyìn yín, kó má bàa máa gba ẹ̀gúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kó bi léèrè. Kí SWAN, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn eré ìdárayá Nàìjíríà, sì dúró ti ọmọ ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n bá lé kúrò ní pápá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbà láti sọ̀rọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì náà gbà, bí ẹ bá ṣèlérí pé orúkọ wọn ò ní jáde. Mo ti kọ nọ́ńbà mi sẹ́yìn àpò lẹ́tà yìí. Ẹ pè mí kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn